Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ọ̀gágun

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Abọ́sẹ̀dé lu ihò kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà kan nínú Gbàgede Akọni, ìlú kan tó ti wà rí sì di ìlú tí kò sí rí.

Ihò náà kò tó ojú ológoṣẹ́.

Ó tètè dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun àwọn ère lórí ni. Mẹ́tàlá ni wọ́n, idẹ ni gbogbo wọn, wọ́n sì kọjú síra wọn bí àwọn ọmọ bàbá tí ogún ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Bí ènìyàn bá ti dúró níwájú ọ̀kan, ẹ̀rọ Olùkà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á la ojú gíláàsì rẹ̀, á ka ohun tí wọ́n fín sára àwo idẹ jáde ketekete. Méjìlá nínú wọn ló ti ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ṣì dákẹ́.

"Fẹ́hìntọ́lá. Ó fún ìlú ní ọkọ," ni ère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè ń wí fún obìnrin méjì tó dúró níwájú rẹ̀.

"O gbọ́! Ó tún ti sọ ọ́." Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́, ó fi kan orúnkún idẹ náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà dà? Kò pọn dandan kó ga o."

"Kó ṣáà ti lè gun òkè yìí láì jókòó sinmi," ni èkejì fèsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

Abọ́sẹ̀dé kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Oko ni Fẹ́hìntọ́lá fún ìlú. Ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí òkun gba ìsàlẹ̀, kí àwọn tó ń sá bọ̀ lè rí ibi gbin iṣu. Ṣùgbọ́n ojú ń kán ẹni tó ṣe alámì, tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ kí Olùkà lè kà á, ṣáájú Abọ́sẹ̀dé. Ó lu ihò méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ní ihò, Olùkà sì kà á. Ó parí. Ohun tí Olùkà bá ti kà lẹ́ẹ̀kan ti wọ Ìwé Ìlú, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́. Àwọn ọmọ Fẹ́hìntọ́lá kọ lẹ́tà mọ́kàndínlógún. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé kí wọ́n lọ jókòó, pé ọkọ kì í ṣe nǹkan burúkú.

Abọ́sẹ̀dé gbé àpótí irin rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ère kẹtàlá. Ọ̀gágun Adéfisan nìyẹn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìbọn mú, ó na ọwọ́ òsì sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé, "Ibí ni." Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n fín ọ̀rọ̀ mẹ́rin: O KO ILU WA. Lẹ́tà gàdàgbà ni, kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ láyé ìgbà tí ẹnu ènìyàn ṣì tó ka nǹkan.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá!"

Tìjání ló ń bọ̀, ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ Ohùn. Abọ́sẹ̀dé lè bí i lọ́mọ. Ó wọ agbádá funfun ti iṣẹ́, ó sì ti ń gbé ọwọ́ sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, òní lọjọ́ ọjọ́! Òní ni gbàgede yìí yóò pé bí òṣùpá ọjọ́ kẹrìnlá. Ìran tó ń bọ̀ yóò fi omijé ayọ̀..."

"Ọ̀gá Tìjání, aago mélòó?"

"Aago méjì, Màmá."

"Bí mi ò bá wá fi àmì sí i ńkọ́?"

Tìjání rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ tó wà níhòòhò kò gbọdọ̀ sùn ní gbàgede mọ́júmọ́ ọ̀la. Òfin ni. Bí kò bá ní àmì, kò sọ nǹkan kan nìyẹn. Ère tí kò bá sì sọ nǹkan kan, iléeṣẹ́ ìyọ́dẹ ló ń lọ." Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí ìpìlẹ̀ kan tó wà lófìfo ní ọwọ́ òsì. "Ẹ rántí Sálámì."

Abọ́sẹ̀dé rántí. Wọ́n ti yọ́ Sálámì, wọ́n sì fi ṣe páìpù omi. Lọ́sẹ̀ náà gan-an làwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Sálámì di ẹrù wọn, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, nínú ìkùukùu oníyọ̀. Ẹni tí wọ́n bá wó ère bàbá rẹ̀ ní gbàgede kò lè dúró lórí òkè.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, Màmá. Ó kọ́ ìlú wa. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á fi àmì sí i."

"Kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ère.

Bàbá Ìṣọ̀lá ló jókòó síbẹ̀ lórí àpótí onígi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Abọ́sẹ̀dé ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

"Háà, Bàbá Ẹlẹ́jọ́!" ni Tìjání wí. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹjọ́ yẹn kò tíì kú ni?"

"Ó ṣì ń mí. Ìwọ ni ẹ̀rù rẹ ń bà mí, tí o kò lè sọ̀rọ̀ méjì kí ọ̀kan má jẹ́ òṣùpá."

Tìjání rẹ́rìn-ín, ó gbá agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó sì lọ.

Ohun tí Bàbá Ìṣọ̀lá ń pè lẹ́jọ́ láti ogójì ọdún kò ṣòro sọ. Kí òkun tó gba ìsàlẹ̀, ìlú kan wà lórí òkè yìí tó ń jẹ́ Ìlémọ̀. Ó ní ọjà, ó ní kànga, ó ní agboolé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Adéfisan gun òkè wá pẹ̀lú ìbọn, àwọn tí omi lé nílé sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Òwúrọ̀ kan ló fi kó Ìlémọ̀. Àwọn tí wọn ò pa, wọ́n lé wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ ìwé, wọ́n kọ ọ́ pé igbó ni àwọn bá níbẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ ní kí Bàbá Ìṣọ̀lá mú ìwé wá. Ó ní iná ti jó ìwé. Wọ́n ní ẹnu alààyè kì í ṣe ẹ̀rí. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ọmọ Ìlémọ̀ kọ tó ṣẹ́kù lórí òkè yìí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, àwọn náà ló wà níwájú Abọ́sẹ̀dé yìí. Bàbá àgbà Ìṣọ̀lá ló fín wọn. Torí pé ó mọ lẹ́tà fín ni wọn ò ṣe pa á, tí wọn ò sì lé e. Wọ́n ní kó fín in pé Ọ̀gágun kọ́ ìlú wa. Ó fín in láì fi àmì sí i. Wọ́n bi í léèrè, ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ará òkè ń kà á pé ó kọ́ ìlú wa. Àwọn ọmọ Ìlémọ̀ ń kà á pé ó kó ìlú wa. Ọgọ́rin ọdún ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín yẹn sínú. Òun nìkan ni nǹkan tí wọ́n rí mú jáde nínú ogun náà.

"Àjíkẹ́," ni Bàbá Ìṣọ̀lá wí. Oríkì rẹ̀ ló máa fi ń pè é. "O mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ìyá rẹ fi hàn ọ́."

"Wọ́n fi hàn mí."

"Fi àmì òkè sí i, má fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ̀rí dé nìyẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń dúró dè é."

"Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á wó ère yìí. Ẹ mọ àwọn tó máa bá a lọ."

Bàbá Ìṣọ̀lá fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì fẹ́ràn ọkọ rẹ. Ṣebí èmi ni mo fà ọ́ lé e lọ́wọ́."

"Bàbá, ẹ yọ ẹjọ́ yẹn kúrò nílé-ẹjọ́. Lónìí. Bí kò bá sí ẹjọ́ nílẹ̀, ohun yòówù kí n fi síbẹ̀ kò ní kàn yín."

"Kí o lè fi irọ́ síbẹ̀, kí irọ́ náà má sì rí ẹni bá a jà?"

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí àwo idẹ náà. Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí àwọn tí kò ní wàhálà. Ó fi sí orí O àkọ́kọ́. Ó fi sí orí ILU. WA kò nílò nǹkan kan. Ó ku KO.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ó gbọ́ fíín-fíín ẹ̀rọ èémí kó tó rí ẹni tó gbé e kọ́rùn. Adégòkè ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀, ọmọ-ọmọ Adéfisan, ẹni tó lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń fa omi nísàlẹ̀ títí iyọ̀ fi jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: òjò kan péré nísàlẹ̀, ó tán.

"Ìyá Motúnráyọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà lo ṣì ń wò?" Ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ó rí Bàbá Ìṣọ̀lá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Má dọ̀bálẹ̀ mọ́! Bí o bá lọ sílẹ̀ tán, ta ló máa gbé ọ dìde nínú wa?"

"Ẹ̀yin ni. Àna kì í fi ọmọ sílẹ̀." Adégòkè bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì, ó gbé èyí tó tóbi fún Bàbá Ìṣọ̀lá.

"Èyí tó tóbi ni ìyàwó rẹ ń jẹ o."

"Ó máa bínú sí wa. Ẹ tètè jẹ ẹ́."

Àwọn méjèèjì jẹun lábẹ́ ìbọn Ọ̀gágun. Adégòkè gbójú sókè wo ère náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka ọ̀rọ̀ yẹn. Abọ́sẹ̀dé kò sọ ọ́. Bàbá Ìṣọ̀lá, tó fi ogójì ọdún pariwo rẹ̀ nílé-ẹjọ́, kò sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Adégòkè mọ̀ pé ẹjọ́ wà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló rò pé ó jẹ́, bí àwọn arúgbó ṣe máa ń ṣe é.

"Àwọn ọmọ Fẹ́hìntọ́lá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó," ló wí. "Wọ́n ní tiwọn ń sọ ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Lónìí, tiwa náà á fọhùn. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí n tó..."

Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ rọra wá, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Iná pupa tàn lára ẹ̀rọ náà. Abọ́sẹ̀dé sáré lọ gbá a mú lẹ́yìn, ó ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń ka èémí kan, èémí méjì, èémí mẹ́ta, títí iná náà fi padà di àwọ̀ ewé. Nígbà tó gbójú sókè, Bàbá Ìṣọ̀lá ti gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ojú síbòmíràn.

Abọ́sẹ̀dé mú Adégòkè jókòó lábẹ́ ibòòji. Ó wá rìn lọ sí búkà onígíláàsì tí Tìjání fi ṣe ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá Tìjání, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Bí mo bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi?"

"Ẹjọ́ náà yóò sun oorun àlàáfíà, Màmá."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n máa fi í ṣe nǹkan kan?"

Tìjání gbé ọwọ́ méjèèjì sáyà. "Màmá! Ìjọba àánú ni tiwa. Arúgbó ni adé orí ìlú. Ta ló máa gbé ọwọ́ lé adé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ọ̀rọ̀ mi ni ìbúra mi, Màmá."

Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé kì í gbàgbọ́ nínú ẹni tí wọ́n bi ní bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó wá ń sọ̀rọ̀ adé. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò dá òun lóhùn. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ tó ti kan, tí ebi sì ń pa. Ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì jáde.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, ènìyàn ti pé bí ọgbọ̀n. Bàbá Ìṣọ̀lá ti gbé àpótí rẹ̀ wá sí iwájú kó lè ríran dáadáa. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. Ó gbé irin sórí O inú KO, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, àmì òkè yọ, ó dá gaara.

Ó gbé irin kúrò. Bàbá Ìṣọ̀lá mí kanlẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́, irú ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń rín sínú láti ọgọ́rin ọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jáde síta.

Abọ́sẹ̀dé gbọ́ fíín-fíín lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé irin náà sábẹ́ lẹ́tà.

"Àjíkẹ́," ni Bàbá Ìṣọ̀lá wí.

Ó lù ú.

Olùkà lajú. "Ọ̀gágun Adéfisan," ló wí, ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. "Ó kọ́ ìlú wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adégòkè ṣí fìlà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Tìjání ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tó ní ìràwọ̀ nínú. Bàbá Ìṣọ̀lá dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ wo àwo idẹ náà fínnífínní bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó tẹ̀ díẹ̀ kan ihò náà.

"Iṣẹ́ rẹ mọ́," ló wí fún Abọ́sẹ̀dé. "Bàbá àgbà ì bá yìn ọ́." Ó ti àpótí bọ abẹ́ apá, ó sì ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé jáde. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Ọ̀gágun Adéfisan ti kọ́ ìlú yìí, kò sí ìlú níbẹ̀ kó tó dé. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìlú níbẹ̀, ẹni tó ti ń sọ fún ogójì ọdún pé ó wà ti purọ́ mọ́ akọni. Ọmọbìnrin méjì láti Ilé-iṣẹ́ Ohùn wá sílé Bàbá Ìṣọ̀lá. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n gbé nǹkan kékeré kan tó dà bí ife síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pè é. Wọ́n dé e lómọrí, wọ́n sì gbé e lọ. Ohùn ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn lórí òkè, ohùn ni wọ́n fi ń fa omi; láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn kankan kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ omi kò gbọ́ ọ. Bí ènìyàn bá sì dá a lóhùn, wọ́n á pa ohùn onítọ̀hún náà.

Abọ́sẹ̀dé sáré lọ bá Tìjání. Kò kí i.

"Ẹ ní arúgbó ni adé! Ẹ ní kò sẹ́ni tó máa gbé ọwọ́ lé e!"

"Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, Màmá," ni Tìjání wí. "Ohùn rẹ̀ nìkan ni."

Ó sáré lọ sí ẹnubodè òkè. Ó bá Bàbá Ìṣọ̀lá níbẹ̀, àpò kan ní èjìká. Fún ìjáde nìkan ni ẹnubodè náà ń ṣí fún un.

"Bàbá!"

Bàbá Ìṣọ̀lá yíjú padà. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó wo ojú gíláàsì tó wà lórí ẹnubodè, ó wo Abọ́sẹ̀dé, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọmọdé tó fẹ́ sún mọ́ iná. Ó bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sọ̀ kalẹ̀.

Adégòkè kò kú lọ́dún náà. Afẹ́fẹ́ òkè gbẹ, ikọ́ rẹ̀ dín kù, ó tilẹ̀ ń rìn dé gbàgede láràárọ̀ láti lọ dúró níwájú bàbá àgbà rẹ̀, kó lè gbọ́ ọ. "Bàbá ò wá mọ́?" ló máa ń béèrè. Abọ́sẹ̀dé a ní wọ́n ti rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ẹbí. "Ẹbí wo?" ló bi í lọ́jọ́ kan. Abọ́sẹ̀dé bu omi fún un pé kó mu oògùn rẹ̀.

Nínú oṣù Agẹmọ, obìnrin ẹlẹ́ja kan láti ìsàlẹ̀ dúró lẹ́yìn ẹnubodè, ó ń bi àwọn tó ń kọjá bóyá wọ́n mọ arúgbó kan tó ga, tí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Abọ́sẹ̀dé dúró. Ó bi í pé kí ló dé.

"Ó kú ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, Màmá. Àyà ni. Ìkùukùu yẹn kì í ṣe ti arúgbó." Obìnrin náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Ènìyàn dáadáa ni. Ó bá wa tún àwọ̀n ṣe, ó ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré. Oṣù mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ wa, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹnikẹ́ni. A rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Bàbá Odi la pè é títí tí a fi sin ín."